Ẹnu Gọ́tà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí omi bá ti wọlé ní Ìlọrin, òjò ni gbogbo ènìyàn máa ń bú. Iṣẹ́ gọ́tà àti kọ́fátì (ọ̀nà omi abẹ́ títì) tí mo ń ṣe ti jẹ́ kí n mọ̀ pé òjò nìkan kì í dá a ṣe. Òjò àná lè pọ̀ ju ti òní lọ, kí ti àná má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, kí ti òní sì gbé bẹ́ẹ̀dì léfòó nínú yàrá. Ibi tí gọ́tà ń tú omi rẹ̀ sí ló fa ìyàtọ̀. Bí odò tó yẹ kó gba omi náà bá ti kún dé etí, àgbàrá kò níbi tí yóò gbà mọ́, ilé ni yóò yíjú sí. Ní ìlú etí òkun, òkun fúnra rẹ̀ ni odò tí mò ń wí yìí, ó sì máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òjò ì báà rọ̀, kó má rọ̀.

Mò ń kọ èyí fún àwọn ará wa láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti gbogbo agbègbè wa, tí wọ́n ń fi owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ra ilẹ̀ sí Lẹ́kì, Ajá àti Ìkòròdú. Orí ilẹ̀ tó fi nǹkan bí 300 mítà ga ju òkun lọ la dàgbà sí, ojú tí a fi ń wo ilẹ̀ kò sì lè dà bíi ti ọmọ etí ọ̀sà. Tí a bá ti rí gọ́tà tó fẹ̀, tó jìn, tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, ọkàn wa ti balẹ̀. Létí òkun, gọ́tà tó dára bẹ́ẹ̀ lè wà níbẹ̀ kó má wúlò fún wákàtí mẹ́ta gbáko, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti wà lábẹ́ omi.

Gọ́tà kò ní agbára kankan tirẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ló ń wọ́ omi lọ, ìyẹn ni pé bí ojú omi lókè bá ṣe ga ju ojú omi nísàlẹ̀ lọ ni omi ṣe máa sáré. Ẹ mú gọ́tà tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n rẹ́ inú rẹ̀ dáadáa. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan nínú 200 mítà, nǹkan bí 580 lítà ni yóò gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kún. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ débi pé mítà kan ló ń sọ̀ nínú 1,000 mítà, gọ́tà kan náà kò ní gbé ju nǹkan bí 260 lítà lọ. Kọnkéré kan náà ni, owó kan náà la ná sí i, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Ìlọrin ní ọ̀pọ̀ ibi máa ń fún wa ní irú ìdàgẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà kì í fún ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí omi ibi ẹnu gọ́tà ga sí i ní 50 sẹ̀ǹtímítà péré. Lórí ilẹ̀ tó ń sọ̀ mítà kan nínú 200, omi yẹn yóò tì padà sínú gọ́tà tó 100 mítà. Lórí ilẹ̀ tó ń sọ̀ mítà kan nínú 1,000, yóò tì padà tó 500 mítà. Gbogbo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 500 mítà yẹn, gọ́tà wọn ti gba àlejò kí ẹ̀kán òjò kan tó já. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí omi dídúró nínú gọ́tà àwọn àdúgbò kan lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn gan-an. Àwọn aráàlú á ní gọ́tà ti dí, wọ́n á dá owó jọ, wọ́n á gba àwọn tó máa kó ẹrẹ̀, omi náà á sì padà lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe pé kíkó ẹrẹ̀ kò dára. Tí ẹrẹ̀ bá ga ní 20 sẹ̀ǹtímítà nínú gọ́tà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, 580 lítà yẹn yóò di nǹkan bí 350. Àmọ́ omi tó ń rọra rìn ló máa ń ju iyanrìn sílẹ̀, òkun tó kún ló sì sọ omi náà di olórìn-jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń kó ẹrẹ̀ láìwo ẹnu gọ́tà yóò máa kó o títí ni.

Òkun etí Èkó máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín nǹkan bí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Èyí túmọ̀ sí pé láti ìkún kan sí èkejì jẹ́ wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, àti pé ìkún ọ̀la yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti òní lọ. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, ìkún náà máa ń ga jù. Nígbà tí òṣùpá bá wà ní ààbọ̀, ó máa ń mọ níwọ̀n. Ní ẹnu òkun Èkó, láàárín ibi tó ga dé ní àrànmọ́jú àti ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé, nǹkan bí mítà kan ni. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé mítà kan kò tó nǹkan. Lórí ilẹ̀ tó ń sọ̀ mítà kan nínú 1,000, mítà kan jẹ́ kìlómítà kan gbáko nínú gọ́tà.

Ìkún inú ọ̀sà kì í ga tó ti ẹnu òkun, kì í sì í bọ́ sí wákàtí kan náà, torí pé ẹnu ọ̀nà tóóró ni omi òkun ń gbà wọ ọ̀sà. Ẹni tó bá mú àkókò ìkún tí wọ́n kọ fún èbúté, tó wá fi ń ṣètò iṣẹ́ ní Ìkòròdú, yóò rí i pé omi kò tẹ̀lé ohun tó kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òṣùpá nìkan kọ́ ló ń gbé omi ga. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, ìgbì ńlá tí ìjì dá sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún máa ń rìn dé etíkun wa. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 tó sì gbé ènìyàn lọ. Láti ẹ̀yìn ọ̀sà ẹ̀wẹ̀, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń da omi òjò apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá sínú rẹ̀. Nígbà tí ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán bá ti kún tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ìsàlẹ̀ odò Ògùn ni omi náà ń bọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 nìyẹn, omi gba ilé lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ pípẹ́.

Nínú gbogbo ìṣirò iṣẹ́ yìí, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo onílé mọ̀ ọ́n ṣe, torí kò ju ìròpọ̀ àti pípín lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnu gọ́tà kan máa ń wà lábẹ́ omi fún wákàtí 3 nínú ìkún kọ̀ọ̀kan, tí ìkún kan sí èkejì sì jẹ́ wákàtí 12.4. Òjò dé, ó rọ̀ fún wákàtí 2. Kí ni ànfààní pé yóò bá ẹnu gọ́tà ní títì? Ọ̀pọ̀ máa pín 3 sí 12.4, wọ́n á ní kò tó ìdá mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò náà gùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ síta kí òpin rẹ̀ kan ibi títì. Ẹ ro 3 pọ̀ mọ́ 2, ó di 5. Ẹ pín in sí 12.4, ó di 40 nínú 100. Òjò wákàtí 6? 3 àti 6 jẹ́ 9, èyí jẹ́ 73 nínú 100. Òjò tó bá sì rọ̀ ju wákàtí 9 àtààbọ̀ lọ, kò sọ́nà tí yóò gbà yẹra, dandan ni kó bá òkun tó kún pàdé. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé òjò ńlá "ṣe kòńgẹ́" ìkún òkun, bí ẹni pé àjálù ojijì ni, èmi kì í gbà. Òjò gígùn àti òkun kì í ṣàì pàdé. Ẹnjiníà tó bá ṣe gọ́tà etíkun bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ yóò máa ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà ti ṣe é fún ọjọ́ tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mumbai, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ni mo máa ń mú wá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2005, òjò tó tó 944 mílímítà rọ̀ síbẹ̀ láàárín wákàtí 24. Ẹ ṣe àfiwé rẹ̀: gbogbo òjò tó ń rọ̀ sí Ìlọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sí òpin kò ju nǹkan bí 1,200 mílímítà lọ. Gọ́tà àtijọ́ ìlú náà, wọ́n ti ṣe é fún òjò 25 mílímítà ní wákàtí kan, wọ́n sì ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú òkun tó ti fà sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òkun kún. Odò Mithi tó ń gba omi ìlú kò lè tú jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú àdúgbò. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú. Òjò yẹn ì bá ba nǹkan jẹ́ bí òkun kò tilẹ̀ kún, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa, "òkun tó ti fà sẹ́yìn". Ẹnìkan ló yan ipò òkun tó rọrùn jù fún ìṣirò, ìlú odindi sì gbé orí ìṣirò yẹn.

Lọ́ńdọ̀nù ṣe òdìkejì rẹ̀, iṣẹ́ wọn sì wù mí gan-an. Wọ́n ní ìlẹ̀kùn ńlá lórí odò Thames tó ń dènà òkun, wọ́n sì ti ń lò ó láti ọdún 1982. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé wọ́n máa ń tì í nítorí òjò náà. Bí odò bá ń kún bọ̀ láti òkè, wọ́n á dúró de ìgbà tí òkun bá fà tán, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn nígbà yẹn, kí àyè tí òkun fi sílẹ̀ lè ṣófo fún omi odò títí òkun yóò fi fà lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín ìgbà òtútù ọdún 2013 sí 2014, ìgbà 50 ni wọ́n tì í, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí omi odò. Iṣẹ́ ìlẹ̀kùn etíkun kò mọ lórí pé kó dá òkun dúró síta; ó tún ń pa àyè mọ́ fún òjò nínú.

Ṣé òjò àti òkun mọ ara wọn? Ìbéèrè yìí ló ń pín iṣẹ́ yìí sí méjì. Bí nǹkan méjì kò bá mọ ara wọn, a lè sọ ànfààní wọn di ìlọ́po: òjò tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan nínú ọdún 10 àti ìkún tó máa ń ga bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ọdún 10, kí méjèèjì wá lọ́dún kan náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 100, kí wọ́n tún bọ́ sí ọjọ́ kan náà sì ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjì ńlá inú òkun ti ń gbé òkun ga tó sì ń da òjò sílẹ̀ pọ̀, ìṣirò yẹn ń tan ènìyàn ni, torí ohun kan náà ló ń fa méjèèjì. Àwa kò ní irú ìjì bẹ́ẹ̀ ní etíkun wa. Òṣùpá kò sì mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì láti ìsàlẹ̀ òkun, òjò oṣù kẹfà, ọ̀sà tó kún nítorí odò ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, àsìkò ló so wọ́n pọ̀. Tí a bá fi gbogbo ọdún ṣe ìṣirò, a ó ní wọn kì í sábà pàdé. Tí a bá fi oṣù tí òjò ń rọ̀ nìkan ṣe é, àwòrán náà yí padà. Èmi ò lè fọwọ́ sí ìṣirò tó fi oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí òjò kò sí, dín ewu oṣù kẹwàá kù.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe gọ́tà àdúgbò yín jẹ́ méjì. Ẹ ní kó fi òjò ńlá àti ìkún àrànmọ́jú lásán dán gọ́tà náà wò. Lẹ́yìn náà, kó fi òjò lásán àti òkun tó ga jù lọ dán an wò. Tó bá yege nínú méjèèjì, ó ti ṣiṣẹ́. Kì í ṣe dandan kó fi òjò tó burú jù àti òkun tó burú jù pọ̀, owó rẹ̀ yóò pa àdúgbò, ọjọ́ yẹn sì lè má dé láéláé.

Ní Ìlọrin níbí, odò Asa ló wà ní ipò òkun. Omi gọ́tà ìlú máa ń ṣàn tán láàárín wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn òjò. Omi odò Asa kò yára bẹ́ẹ̀, láti ìhà Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀, ó sì ń gba inú adágún ìdídò Asa kọjá kó tó dé àárín ìlú. Nítorí náà oòrùn lè máa ràn ní Ọjà Ọba kí odò máa ga lábẹ́ afárá. Bí òjò kejì bá wá já sórí ìlú ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, gọ́tà àwọn àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ bí Amilegbe kò lè tú omi jáde, àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Asa náà á sì máa tì padà. Òjò 60 mílímítà ní oṣù karùn-ún àti òjò 60 mílímítà ní ìparí oṣù kẹsàn-án kì í ṣe òjò kan náà. Ní oṣù karùn-ún, ilẹ̀ ṣì ń mu, adágún sì láyè. Nígbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ìdákẹ́ oṣù kẹjọ, ilẹ̀ ti yó, adágún ti kún, ìwọ̀n tó bá wọ inú rẹ̀ ni yóò tú jáde. Ẹni tó bá ń wojú ọ̀run nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ yìí. Ní ìhà gúúsù, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, ìdàgẹ̀rẹ̀ pọ̀, ogun ibẹ̀ ni omi tó ń sáré tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Bí kò bá ṣe àwọn tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ odò Ọ̀yùn, omi àpadà kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìlẹ̀kùn ẹnu gọ́tà, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Pákó irin tàbí ike tó le ni, wọ́n á fi ìdè kọ́ ọ sókè ẹnu gọ́tà kó máa fì. Tí omi inú bá ga ju ti ìta lọ, omi inú á tì í ṣí. Tí ti ìta bá ga, á tì í pa. Kò lo iná, kò lo epo. Ohun àkọ́kọ́ tó ń bà á jẹ́ ni ìdọ̀tí: ike omi kan ṣoṣo tó bá há sí ètè rẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí òkun máa wọlé ní gbogbo òru. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní àsẹ́ irin nínú gọ́tà, ní bíi mítà márùn-ún sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, tí àlàfo àárín irin rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ike omi kọjá, kí ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ohun tí àsẹ́ bá mú. Àsẹ́ tí wọn kò kó ìdọ̀tí rẹ̀ burú ju àìsí àsẹ́ lọ, ògiri ni yóò dà. Èkejì ni iyanrìn tó ń wọ́jọ síwájú ìlẹ̀kùn láti ìta. Tó bá ga ju ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn lọ, kò ní lè ṣí mọ́, omi òjò á há sínú. Kí ẹni tó ń kọ́ ọ gbé ìsàlẹ̀ ẹnu gọ́tà ga ju ilẹ̀ ibi tó ń tú sí lọ, ó kéré tán ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀kẹta ni iyọ̀. Omi òkun máa ń jẹ irin lásán, ìdè á dípẹtà, ìlẹ̀kùn á dúró gbagidi ní ìdajì. Irin tí kì í dípẹtà ni kí wọ́n fi ṣe ìdè rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi gírísì pa á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tó ń jí irin tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ní àdúgbò tí ìyẹn bá ti wọ́pọ̀, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ti ike tàbí ti rọ́bà, ó sàn.

Kódà bí ìlẹ̀kùn bá pé, àṣìṣe tó tóbi jù ṣì kù. Ìlẹ̀kùn tó bá tì fún wákàtí mẹ́ta ti dá òkun dúró, ó sì ti há òjò mọ́ inú. Níbo ni òjò náà yóò dúró sí? Ẹ mú àdúgbò tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 10. Òjò 60 mílímítà rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn. Tí ìdá 70 nínú 100 bá ṣàn, torí kọnkéré àti páánù pọ̀, omi tó ń wá ibi tí yóò dúró sí jẹ́ 4,200,000 lítà. Kòtò ìgbomidúró tó jìn ní mítà kan yóò gba ilẹ̀ tó tó pulọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án, ti ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Kò sí ẹni tó ń tà ilẹ̀ tó máa ń fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n á ní àwọn yóò lo pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ońpẹtiróòlù tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́ta, tó bá ṣe dáadáa, ń gbé nǹkan bí 1,000 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Fún wákàtí mẹ́ta, 180,000 lítà. Ẹ ó nílò ju 23 lọ, kí gbogbo wọn máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí epo má tán, kí náílọ̀n má sì dí ẹnu ọ̀kankan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kòtò àti pọ́ǹpù ni kí wọ́n jọ ṣe, kí kòtò gba púpọ̀, kí pọ́ǹpù díẹ̀ máa ràn án lọ́wọ́. Ẹnu páìpù tí pọ́ǹpù ń tú sí gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí òkun ń kún dé, ní òdìkejì ìlẹ̀kùn. Mo ti rí ibi tí pọ́ǹpù ti ń tú omi sínú gọ́tà kan náà tó ń fà á láti inú rẹ̀. Epo nìkan ni wọ́n ń jó.

Kòtò tó bá kún fún omi kí òjò tó dé kò wúlò. Kí wọ́n tú u dànù nígbà tí òkun bá fà, ní ọjọ́ tí ìkìlọ̀ òjò bá ti jáde. NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, máa ń kéde òjò, NIHSA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo omi odò, sì máa ń kéde ibi tí odò lè kún. Ẹni tó ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fi ìkéde yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò ìkún òkun, kó kà wọ́n pọ̀.

Bíbu ilẹ̀ ga, èyí tí gbogbo ènìyàn ń sá sí, kò tó bí wọ́n ṣe rò. Bí ẹnìkan bá da iyanrìn sí pulọ́ọ̀tì rẹ̀ tó fi ga ní mítà kan, àyè tí omi 460,000 lítà lè dúró sí ló dí yẹn, omi náà yóò sì wá ilé aládùúgbò lọ. Nígbà tí aládùúgbò náà bá da tirẹ̀, ojú títì ni yóò di gọ́tà. Òkun fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Láti ọdún 1901 sí 2018, ojú òkun àgbáyé ti ga sí i ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ti ń yára sí i. Afẹ́fẹ́ tó gbóná sí i ní ìwọ̀n kan lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lè gbé nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 omi sí i. Omi òkè àti omi ìsàlẹ̀, méjèèjì ló ń pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí mẹ́ta tí ẹnu gọ́tà fi ń wà lábẹ́ omi lónìí lè di mẹ́ta àtààbọ̀, kí ẹni tó bá ń kọ́ tuntun fi ti ọ̀la ṣe ìṣirò.

Àdúgbò èyíkéyìí, ní Èkó tàbí ní Amilegbe, lè bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ láìná owó. Ẹ wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Báákẹ́ẹ̀tì tí ìdí rẹ̀ kéré yóò purọ́ fún yín. Ẹ gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí òrùlé àti igi. Lẹ́yìn òjò, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní mílímítà, ẹ dà á nù. Lórí òpó afárá tàbí ògiri ẹnu gọ́tà, ẹ fi ọ̀dà kun ìlà ní 10 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn. Ohun tí ẹ ó kọ fún òjò kọ̀ọ̀kan ni: wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó dá, ìwọ̀n òjò, ibi tí omi wà lára ìlà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àti ilé tí omi dé. Inú ìwé kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní ìwé òjò lọ́tọ̀ àti ìwé odò lọ́tọ̀, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìpàdé omi méjì kò sì hàn nínú èyíkéyìí nínú wọn. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, ìwé yín yóò ti máa sọ ohun tó pọ̀: pé òjò 40 mílímítà kò ṣe nǹkan nígbà tí omi wà ní ìlà kejì, ṣùgbọ́n òjò 25 wọ ilé mẹ́ta nígbà tó wà ní ìlà karùn-ún. Nígbà tí kọngílá bá dé, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ létíkun, kó má lọ wò ó ní oṣù kìíní. Ẹ lọ ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí nínú oṣù kẹwàá, ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta sí ìgbà tí òṣùpá di àrànmọ́jú, ní wákàtí tí omi kún, kì í ṣe wákàtí tó rọ ẹni tó ń tà á lọ́rùn. Ẹ ní kó mú yín lọ sí ibi tí gọ́tà àdúgbò ń tú sí. Lára ògiri rẹ̀, ẹ ó rí ìlà dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tí omi fi sílẹ̀. Ibi tí ìkún ń dé déédéé nìyẹn. Ẹ mú bíríkìlà dání pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi sí láti fi gba lẹ́fẹ́lì, ìyẹn láti mọ bí ibì kan ṣe ga ju òmíràn lọ. Kó gba lẹ́fẹ́lì láti orí ìlà yẹn, láti òpó dé òpó, títí dé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà. Kó rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà náà, kó sì gba á padà láti ilẹ̀ dé ẹnu gọ́tà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iye méjèèjì bára mu. Tí ilẹ̀ náà kò bá fi 50 sẹ̀ǹtímítà ga ju ìlà yẹn lọ, kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, èmi kò ní gbà kí ará ilé mi sanwó rẹ̀. Tó bá ga ju mítà kan lọ, ẹ wá béèrè ibi tí omi máa dúró sí nígbà tí ẹnu gọ́tà bá tì, ẹ sì ní kó mú yín lọ wo kòtò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe inú àwòrán.